Kọ́ìlì pọ̀ sí i, òòfà oníná kò lágbára sí i: kí ló dé?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ẹ̀yin oníṣẹ́ iná. Mópà ni mo ti ń fi ẹ̀rọ lọ èlùbọ́ àti àgbàdo fáwọn èèyàn. Nígbà tí mo rí i pé èérún irin ń bọ́ láti ara ẹ̀rọ sínú èlùbọ́, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá mi ṣe òòfà oníná síbi tí èlùbọ́ ti ń dà jáde. Ó gé irin lára síprín̄gì mọ́tò, ó lọ́ wáyà mọ́ ọn nígbà 200 (kọ́ìlì náà nìyẹn), ó so ó mọ́ bátìrì sólà volt 12. Ó gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á, síbẹ̀ èérún díẹ̀ ló ń mú. Ó tún lọ́ wáyà 200 mìíràn lé e. Ooru rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Tí a bá sì paná, èérún a ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Okun o, ìyá wa. Inú mi dùn pé ẹ ò gbójú kúrò nínú èérún yẹn, torí ikùn ọmọ olọ́mọ ló ń lọ.

Iṣẹ́ kọ́ìlì ni mò ń ṣe ní Kàbbà, ohun tí ọmọ yẹn ṣe sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé bí wáyà bá ṣe pọ̀ tó ni òòfà ṣe ń lágbára tó. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀. Iye ìgbà tí a lọ́ wáyà, lọ́nà iye iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ni ká máa wò. Ká ní ampere 4 ló ń gba inú ìlọ́ 200: 800 nìyẹn. Nígbà tó fi 200 lé e, wáyà gùn ní ìlọ́po méjì, ó sì wá nira fún iná láti gbà á kọjá ní ìlọ́po méjì. Volt 12 náà ni bátìrì. Ampere 4 wá di 2. Ẹ fi 2 lọ́po 400, 800 náà ló tún jẹ́. Owó wáyà yẹn kò ṣòfò ṣá, torí kọ́ìlì yín ò ní jó, bátìrì á sì pẹ́ sí i. Àmọ́ kò lè mú irin jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kí 800 yẹn lé, wáyà tó nípọn ni kí ẹ rà. Ìlọ́ 400 kan náà, tí ojú ibi tí a gé wáyà ní ìdábùú bá gbòòrò ní ìlọ́po méjì, iná tó ń gbà á kọjá á di ìlọ́po méjì. Bátìrì á tètè rọ̀, ooru náà á sì pọ̀ sí i. Ooru yìí ń dín agbára kù fúnra rẹ̀: tí wáyà bàbà bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 50 Celsius gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iná inú rẹ̀ á dín ní bí ìdá kan nínú mẹ́fà. Ẹ má torí pé ẹ ń wá iná púpọ̀ kí ẹ so ó mọ́ iná NEPA tààrà o. Ewu gidi ni.

Ẹ tún yẹ ọ̀dà ara wáyà wò. Níbi tó bá ti bó, iná á gba ọ̀nà àbùjá láti orí ìlọ́ kan bọ́ sórí èkejì, gbogbo ìlọ́ tó fò á sì di ẹrù lásán. Ní 1825, òòfà William Sturgeon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlọ́ 18 péré, torí wáyà rẹ̀ wà ní ìhòòhò, kò sì lè jẹ́ kí wọ́n kanra. Ó gbé bíi kílò 4. Joseph Henry ní Amẹ́ríkà fi sílíìkì wé wáyà tirẹ̀ kó lè tò ó léra. Nígbà tó fi máa di 1831, òòfà rẹ̀ gbé ohun tó ju kílò 900 lọ.

Àmọ́ ní tiyín, irin yẹn ni mo dì mú jù. Irin síprín̄gì le. Irin líle kì í tètè di òòfà, tó bá sì dà á tán, kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tó fà á nìyẹn tí èérún fi ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn tí ẹ ti paná. Ẹ wá irin rírọ̀ tó nípọn tó àtàǹpàkò. Ẹ gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí orí rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ibì kan náà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fẹná sí i títí á fi pọ́n yòò, kí wọ́n sì bò ó mọ́ eérú gbígbóná di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì í bọ omi, kó má baà tún le. Ẹ má sì lo irin tín-ín-rín: irin máa ń yó, ìyẹn ni pé agbára òòfà tó lè gbà ní òpin. Tó bá ti yó, iná tí ẹ bá fi kún un, ooru lásán ló ń dà.

Ó ku àlàfo. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi òòfà oníná kan gbé pátákó irin kan, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Mo ti ìwé pélébé kan sáàárín wọn, pátákó náà ṣì dúró, àmọ́ mo fi ìka kan fà á já. Bẹ́ẹ̀ ìwé ni. Èlùbọ́ tó nípọn bí àtẹ́lẹwọ́ tó ń ṣàn kọjá níwájú òòfà yín ńkọ́? Èérún tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ kò mọ̀ pé òòfà wà lókè. Ẹ fi páànù tẹ́ọ́rẹ́ tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ṣe ojú ọ̀nà fún un, kí èlùbọ́ tàn kálẹ̀ lórí rẹ̀, kí òòfà sì wà lókè rẹ̀ nítòsí.

Ní tèmi o, òòfà tí kò nílò iná ni mo fẹ́ràn jù fún oúnjẹ. Tí bátìrì bá kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo èérún tí òòfà oníná ti kó jọ láti àárọ̀ á dà lẹ́ẹ̀kan náà sínú èlùbọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Tó bá sì jẹ́ òòfà oníná náà lẹ fẹ́ lò, ẹ so ó mọ́ apá irin tó ṣeé yí síta. Tí ẹ bá lọ ti oníbàárà kan tán, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ yí òòfà kúrò lórí èlùbọ́, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó wá paná. Ẹ máa wo ohun tó bá já sínú abọ́ náà. Tó bá ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àwọn àwo irin inú ẹ̀rọ ló ń fi ara wọn rin. Ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe kó wá tú u wò.