Èsì: Ẹ má fún ológbò yẹn ní paracetamol o

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé paracetamol yẹn sílẹ̀. Ẹ ní akọ ológbò yín ò jẹun látàná, ara ẹ̀ gbóná, ṣé kẹ́ ẹ fún un ní ìdajì. Rárá o! Ẹyọ kan péré lè pa ológbò, ẹ̀dọ̀ wọn ò lè mú oògùn yẹn kúrò lára bíi tèèyàn, ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́, èrìgì á ṣú, ojú á wú, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹ̀pa ò ní bóró mọ́.

Ìtọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò báyìí. Tó bá ń lóṣòó sórí yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ ṣáá, tó ń tiraka, tó ń ké, tí nǹkan kan ò jáde, ẹ má dúró dọ̀la rárá, ojú ìtọ̀ ti dí nìyẹn, àwọn akọ ló máa ń ṣe jù, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀, wà l'Alábàtà, l'Abẹ́òkúta níbí, ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí kó má bàa fò jáde nínú kẹ̀kẹ́.

Tó bá ń tọ̀ dáadáa, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ológbò tí ò bá jẹun fọ́jọ́ méjì mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀, pàápàá tó bá sanra. Ẹ bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi náà, látoṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń gbà á.

Mo mọ̀ pé ọkàn yín ò balẹ̀. Temi náà tí ara ẹ̀ bá yá, tó bá ti gbóòórùn ẹja, ṣe ló máa ń fara nù mí lẹ́sẹ̀, inú mi á sì dùn gan-an. Ẹ padà wá sọ ohun tí dókítà bá rí fún wa.