Ẹ má fi bíírò fagi lé e, ẹ tún un kọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọdún 2012 lẹ fọwọ́ ara yín kọ ìwé ìhágún yín, àti pé láti ìgbà yẹn ẹ ti bí ọmọ kan sí i, ẹ sì ti ta ilẹ̀ kan. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè fi bíírò tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìlà bíírò kan ṣoṣo ló sọ mí di olè lójú ẹbí ọkọ mi.

Ọdún 2006 ni bàbá àwọn ọmọ mi kọ tirẹ̀, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin, sórí takàdá méjì tó já nínú ìwé ọmọ iléèwé. Kò sí àléébù níbẹ̀ nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ pátá, ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì fọwọ́ sí i. Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá dá tirẹ̀ kọ nìyẹn. Ilé tí à ń gbé di ti àkọ́bí wa ọkùnrin, ilẹ̀ Sẹ̀mẹ̀ di ti ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e. Ó tiẹ̀ pín ilẹ̀ ẹbí wọn ní Kétu mọ́ ọn, bí ẹni pé òun nìkan ni bàbá ńlá wọn bí. Ìyẹn pa àwọn àgbà lẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tí a rín lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Mo bí àbígbẹ̀yìn ní 2011. Ní 2014, a ta ilẹ̀ Sẹ̀mẹ̀ ká lè rí owó kan òrùlé ilé tí à ń gbé. Ìwé ò kúrò nínú àpótí irin tó wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rán an létí, ó ní, "Ṣé ikú lò ń pè yẹn?" Mo panu mọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí obìnrin bá dárúkọ ogún sí ọkọ létí.

Ó kú ní 2019. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣí àpótí. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 17, ni wọ́n ní kó kà á, torí òun ni Faransé rẹ̀ já gaara. Nígbà tó dé orí orúkọ ara rẹ̀, ó dákẹ́. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti fagi lé èyí." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bíírò dúdú ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé, àmọ́ ìlà búlúù kan gba orí Sẹ̀mẹ̀ kọjá, wọ́n sì kọ "vendu" sétí rẹ̀, ìyẹn "a ti tà á" lédè Faransé. Kò sí ọjọ́, kò sí ìfọwọ́sí. Ọwọ́ ọkọ mi ni, mo mọ "v" rẹ̀ bí mo ṣe mọ ìrìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, tí mò ń pè ní ọkọ mi kékeré, gbé takàdá náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí, ó wá yíjú sí mi: "Ìyàwó wa, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí wà?"

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin la fi wà lórí ìbéèrè yẹn. Ẹbí ò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ìpàdé ẹbí tí ilé ẹjọ́ máa ń fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ láìsí ìyẹn, báńkì ò dá wa lóhùn. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ló gbà mí. Ó ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù páànù síbẹ̀, ó gbé ìwé tó fi rà á jáde, ìfọwọ́sí ọkọ mi hàn kedere níbẹ̀.

Ti àbígbẹ̀yìn tún wà ńlẹ̀. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ sílẹ̀ ni. Àwọn kan tún ní kí ọkùnrin gba ìlọ́po méjì obìnrin. Òfin ìdílé Benin ti ọdún 2004 ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́: ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba, ọmọ inú ìgbéyàwó àti ọmọ ìta dọ́gba, òbí ò sì lè fi gbogbo ohun ìní gbe ọmọ kan kí èkejì máa wòran. A tún ilé pín. Àkọ́bí mi gbà pé àbúrò òun ló gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́, títí dòní kì í pè é lórí fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lọmọ yẹn nígbà tí bàbá wọn kú o.

Owó ìbánigbófò ibi iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Kó tó fẹ́ mi ló ti kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ síbẹ̀, kò sì yí i padà. Owó irú ìyẹn kì í gba inú ogún kọjá, ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ń lọ tààrà. Àbúrò kan náà ni o, oní-kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, ẹ mú takàdá tuntun. Ẹ kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fagi lé gbogbo èyí tí ẹ ti kọ ṣáájú, kí ẹ kọ ọjọ́, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ gbé e lọ fún notaire, amòfin tó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, kó máa tọ́jú rẹ̀, ẹ má tì í bọ abẹ́ ibùsùn. Ẹ sì lọ béèrè orúkọ tó wà nínú fáìlì yín níbi iṣẹ́. Tí ìyàwó tí ẹ wà pẹ̀lú báyìí bá jẹ́ ti ìdána nìkan, ẹ jọ lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, torí ìgbéyàwó iwájú wọn nìkan ni òfin mọ̀.

Èmi náà ti kọ tèmi lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tí mo fi ṣe alágbàtọ́ àbígbẹ̀yìn kú, ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú rẹ̀ ni mo lọ bá notaire. Ó ní, "Màmá, ẹ tún ti dé?" Mo ní mo tún ti dé. Méjì àkọ́kọ́ ti wọ iná àkàrà.