Probability: ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ ka ojú tó wà níbẹ̀ ná

Ẹ̀yin Màmá tẹ́ ẹ ní ọmọ yín tó wà ní SS2 ti há a sórí pé "tàbí" ni ìròpọ̀, "àti" ni ìsọdipúpọ̀, síbẹ̀ tó ń gba òdo nínú probability, ìyẹn ìṣirò ìṣeéṣe: ohun tó há sórí yẹn gan-an ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS ní lesson ìrọ̀lẹ́ n'Ìbàdàn, àwọn tó mọ ìṣirò dáadáa sì pọ̀ nínú àwọn tí òfin méjì yìí ti da orí wọn rú.

Ẹ gbé lúdò síwájú rẹ̀. Dáìsì méjì la fi ń ta á níbí, 6 lèèyàn sì ń wá kí sììdì tó lè jáde nílé. Ẹ bi í pé tó bá da méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, kí ni ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọ̀kan á fi 6 hàn? Kíá ló máa ní "èyí tàbí ìyẹn", á ro 1/6 pọ̀ mọ́ 1/6, á dáhùn pé 1/3. Ẹ má tíì sọ pé kò gbà á. Ẹ ní tó bá wá jẹ́ dáìsì mẹ́fà ńkọ́? Ìròpọ̀ tiẹ̀ á di 1, ìyẹn ni pé 6 gbọ́dọ̀ jáde dandan. Ẹ̀rín ló máa rín, torí ó ti jókòó ti lúdò rí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń délé, tí sììdì tiẹ̀ ò tíì jáde rárá. Tá a bá da dáìsì mẹ́fà, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ò ní rí 6 kankan.

Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fún un ní bébà. Kó kọ 1 dé 6 sókè, 1 dé 6 sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó kọ ojú 36 tó wà láàárín lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wá fi bírò yí gbogbo èyí tí 6 wà níbẹ̀ po. Mẹ́fà wà ní òòró, mẹ́fà wà ní ìbú, àmọ́ 6-6 tó wà ní igun, àwọn méjèèjì ló jọ ni ín. Mọ́kànlá ni, kì í ṣe méjìlá: 11/36. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí igun yẹn po kò nílò kí tíṣà tún máa pariwo pé kó yọ èyí tó wọnú ara wọn kúrò.

(Tí Bàbá bá ń kùn pé dáìsì ti wọlé, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni Pascal àti Fermat, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, ń kọ lẹ́tà síra wọn lé lórí ní Faransé ní 1654, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ yìí ti fìdí múlẹ̀.)

Ti ìbéèrè pé kí wọ́n mú bọ́ọ̀lù aláwọ̀ oríṣiríṣi nínú àpò, ìdérí ìgò mínírà ni mo máa ń lò: pupa 5, àwọ̀ ewé 3, nínú ọ̀rá dúdú. Kó mú ọ̀kan, kó gbé e sórí tábìlì, kó má dá a padà. Tó bá jẹ́ pupa, ó ku 7, pupa inú rẹ̀ ku 4. Pupa méjì tẹ̀ léra jẹ́ 5/8 × 4/7, tó já sí 5/14. Wọ́n sábà máa ń dín nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kù kí wọ́n gbàgbé tòkè, àmọ́ ẹni tí pupa wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì kì í gbàgbé. Tí wọ́n bá wá béèrè pupa kan àti àwọ̀ ewé kan, èyíkéyìí lè ṣáájú, nítorí náà 5/8 × 3/7, ìyẹn 15/56, lẹ́ẹ̀mejì ni, 15/28. Máàkì tó ń dànù síbí yìí pọ̀ jù.

Ìbéèrè káàdì ò le. Whot ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀, ìwé wá ń bi wọ́n nípa king àti spade, tó jẹ́ ti káàdì òyìnbó. Ẹ sọ fún un pé 52 ni, ọ̀wọ́ mẹ́rin, 13 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó parí.

Èyí tí mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan lọ láìṣe ni ti genotype. Tí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ojú mẹ́rin ló wà: AA, AS, SA, SS. SS, ìyẹn ọmọ tó ní sickle cell, jẹ́ 1/4. Àwọn èèyàn á wá ní tí wọ́n bá bí mẹ́rin, ọ̀kan á jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù á bọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo kọ́ rí, tó fẹ́ fìyẹn gbéyàwó. Ikùn kì í rántí ọmọ tó ti bí ṣáájú. 1/4 yẹn ló ń padà wá nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ SS nínú mẹ́rin, ẹ kọ 3/4 lẹ́ẹ̀mẹrin kẹ́ ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, 3/4 × 3/4 × 3/4 × 3/4, ó jẹ́ 81/256. Ẹ yọ ìyẹn nínú 1, ó ku 175/256 pé ó kéré tán ọ̀kan á jẹ́ SS. Ó ju ìdajì lọ dáadáa. Gbogbo ìbéèrè "ó kéré tán ọ̀kan" nínú ìdánwò, báyìí ni kó máa ṣe é: kó wá ìṣeéṣe pé kò ní ṣẹlẹ̀ rárá, kó yọ ọ́ nínú 1.

Tí ojú tó wà níbẹ̀ bá ti pọ̀ ju ohun tó ṣeé kọ sílẹ̀ lọ, kó ya igi tó ń pẹ̀ka, kó kọ ìdá sára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Tí àwọn ẹ̀ka tó yọ láti oríta kan náà ò bá ròpọ̀ di 1, kó dúró níbẹ̀ kó wá ohun tó fò.