Signal 2.45 GHz fún áńtẹ́nà láàbù: ẹ fi máíkírówéèfù sílẹ̀

Ẹ béèrè ibi tí ẹ ti máa rí signal 2.45 GHz fún áńtẹ́nà patch (áńtẹ́nà pẹlẹbẹ) yín, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ signal inú láàbù kò kọjá 20 MHz, àti bóyá ẹ lè tú máíkírówéèfù fún un. Ẹ má dán an wò. Nǹkan bí 4,000 volt ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kapásítọ̀ rẹ̀ sì lè pa èèyàn lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná. Milliwatt 3 tó áńtẹ́nà yín.

Bọ́ọ̀dù ADF4351, tó ń pèsè signal, ni kí ẹ rà. Ó ń lọ láti 35 MHz dé 4.4 GHz, agbára rẹ̀ sì tó +5 dBm (nǹkan bí milliwatt 3). Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré) lè máa pàṣẹ fún un, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jó o: 5 V ni Uno ń gbé wá, 3.3 V ni ADF ń fẹ́. Lórí CLK, DATA àti LE (àwọn ẹsẹ̀ tí àṣẹ ń gbà wọlé), ẹ fi rẹsítọ̀ 1 kΩ sójú ọ̀nà, kí ẹ fi 2 kΩ so ẹsẹ̀ ADF mọ́ ground. CE (ẹsẹ̀ tó ń tan ADF) gbọ́dọ̀ wà ní 3.3 V, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní jí. Nínú àwọn register rẹ̀ (ibi tí à ń kọ àṣẹ sí), R5 lẹ máa kọ́kọ́ kọ, R0 ló máa kẹ́yìn. Bí iná lock (tó ń fi hàn pé signal ti dúró sójú kan) kò bá tàn, ẹ má tíì wọn nǹkan kan.

Ohun tó ń jẹ àkókò jù ni ẹnu wáyà. Irú ẹnu tó ń jẹ́ RP-SMA ni ti áńtẹ́nà Wi-Fi, SMA ni ti bọ́ọ̀dù. Wọ́n á wé mọ́ra dáadáa, ṣùgbọ́n ihò ló kojú ihò láàárín, signal kò sì ní kọjá. Ẹ wo inú méjèèjì kí ẹ tó wé wọn. Ẹ fi 50 Ω dí ẹnu kejì bọ́ọ̀dù tí ẹ kò lò, kí wáyà má sì gùn ju 30 cm lọ. Wáyà RG-58 ń jẹ tó 1 dB (òṣùwọ̀n bí agbára ṣe ń pọ̀ tàbí dín kù) ní mítà kan.

Fún gbígbà, AD8318 (tó ń sọ agbára signal di volt) dára, àmọ́ volt rẹ̀ ń *wálẹ̀* bí agbára bá ń gòkè, nǹkan bí 25 mV fún dB kan. Ọ̀pọ̀ ló ti torí èyí sọ áńtẹ́nà tó dára nù. Ní mítà 1, nǹkan bí 40 dB ló máa sọnù sójú afẹ́fẹ́. Iyẹn ṣì wà nínú ohun tó lè kà. Wi-Fi ilé ẹ̀kọ́ náà máa wọ inú rẹ̀, nítorí náà ẹ pa RF (signal tí bọ́ọ̀dù ń gbé jáde) nínú R4, ẹ kà á, ẹ tan án, ẹ tún kà á. Bí iye tí ẹ kà nígbà méjèèjì bá dọ́gba, Wi-Fi lẹ ń wọ̀n.