Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe lè mọ̀ lójú X-ray àyà pé ọkàn aláìsàn ti tóbi jù?

Tí fífẹ̀ ọkàn bá ti ju ìdajì fífẹ̀ inú àyà lọ lórí X-ray àgbàlagbà, ọkàn yẹn ti tóbi nìyẹn. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ yà á o: kí aláìsàn dúró, kí ìtànṣán X-ray gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, kí aláìsàn sì fa èémí sínú dáadáa. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ àgbékiri yà lórí bẹ́ẹ̀dì, iwájú ló ń gbà wọlé, ó sì máa ń jẹ́ kí ọkàn tóbi lójú ju bó ṣe rí gan-an lọ, torí náà nọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ní ọsibítù ńlá OOUTH ní Ṣágámù àbí ọsibítù kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe yà á kó tó máa bẹ̀rù. Ọmọ ìkókó yàtọ̀, fífẹ̀ ọkàn tiẹ̀ lè tó 60% fífẹ̀ inú àyà kó má sì sí nǹkan kan.

Tí igun ẹ̀dọ̀fóró nísàlẹ̀ bá ti funfun dí, omi ló sábà máa ń jẹ́. Dókítà ló máa sọ àbọ̀ X-ray, ṣùgbọ́n tí aláìsàn ò bá lè mí dáadáa, ẹ má dúró de fíìmù kankan, ẹ gbé e jókòó, ẹ wo ọ́síjìn ẹ̀, kẹ́ẹ pe dókítà kíákíá.