Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe ọmọ yín

Ẹ̀yin màmá tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún 13, ti kẹ̀yìn sí eré ìdárayá, tó ń "gbàgbé" aṣọ PE sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá a jà ná. Mo ti bá tèmi jà rí, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Thamesmead la wà ní London. Nígbà tí ọmọ mi wà lọ́mọ ọdún 9, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀. Kò sí ọmọkùnrin tó lè sáré jù ú lọ ní kíláàsì wọn. Nígbà tó fi máa pé 14, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí fíríìjì ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Mo ní ọ̀lẹ ni. Bàbá rẹ̀ ní fóònù ni. Àfi ọjọ́ tí tíṣà wọn na ìwé kan sí mi, wọ́n lémi ni mo kọ ọ́, pé inú ń run ọmọ mi, kí wọ́n má jẹ́ kó wọ omi. Ọmọ yìí ti ń kọ̀wé lórúkọ mi láti bí oṣù méjì!

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Mọ́mì, irun mi ńkọ́?" Ẹ gbọ́ o, odidi Sátidé la fi dì í, àtàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tòun ti àtáṣímẹ́ǹtì, pọ́n-ùn 80. Tó bá di Mọ́ńdè, wọ́n á ní kó bọ́ sínú omi kùlóríìnì. Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n há fún wọn kò kọjá àtàrí rẹ̀. Tó bá fà á wálẹ̀ tipátipá, á ta dànù, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Soul Cap, fìlà ńlá tí wọ́n dìídì ṣe fún irun bíi tiwa, FINA, àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé, kọ̀ ọ́ kí Olympics Tokyo tó wáyé ní 2021, níbi tí Alice Dearing ti di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Britain ní Olympics. Ó di 2022 kí wọ́n tó gbà á.

Ìyókù, kò lè sọ ọ́ lójú mi. Mo wà ní kíṣìnì, ó wà ní yàrá, WhatsApp ló fi ránṣẹ́: ọyàn ń dun òun tóun bá sáré, àwọn ọmọkùnrin ń wò, tí nǹkan oṣù bá wá dé bá òun nínú ṣòkòtò péńpé ńkọ́? Kọ́mú tí mo fojú díwọ̀n rà fún un ló sì ń wọ̀ sáré. Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni ìdíwọ́ tó tóbi jù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé, mò ń sanwó, mò ń fọ jẹ́sì. Ọmọbìnrin mi ló ń mú àwọn kékeré bọ̀ láti ilé ìwé, òun ló ń se ìrẹsì, nítorí iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ọjọ́ tó ní òun fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eléré ìje ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, mo ní, "Ìwọ tó o ti ń di obìnrin, kí lo tún ń sáré kiri sí?" Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi l'Ábẹ́òkúta gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé ọmọbìnrin tó lé ní 2,300 láti ọmọ ọdún 9 sí 10 títí wọ́n fi di 18 sí 19. Ọdún 2002 ni èsì rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n fi pé 16 sí 17, 56 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ dúdú ni kò ṣe eré ìdárayá kankan mọ́ lásìkò ọwọ́ dilẹ̀ wọn. Ti àwọn òyìnbó jẹ́ 31. Mo kà á, mo rántí ìkòkò ìrẹsì mi.

Ohun tá a ṣe kò pọ̀. Mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti wọn àyà rẹ̀ dáadáa, a ra kọ́mú eré ìdárayá méjì. Mo kọ̀wé sílé ìwé (èmi gan-an lọ́tẹ̀ yìí!) kí wọ́n jẹ́ kó wọ ṣòkòtò dúdú gígùn. Tí ìlúwẹ̀ẹ́ bá kàn wọ́n, kòlẹ́sẹ̀ ni à ń dì, láìsí àtáṣímẹ́ǹtì. Ìrẹsì di ti àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì. Ó kọ́kọ́ jó o ná.

Lẹ́yìn náà la rí parkrun, eré sísá inú páàkì téèyàn tún lè rìn: ọ̀fẹ́ ni, kìlómítà 5, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé. Ti àwọn ọmọdé, Sọ́ńdè ni, ẹ̀yin náà sì mọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bàtà iṣẹ́ mi ni mo fi ń rìn ín. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbẹ̀yìn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbẹ̀yìn rí.

Ó ti pé 17 báyìí. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí kì í jáde rárá, mi ò sì fi ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ bi tiyín léèrè ọ̀rọ̀ kọ́mú kẹ́ ẹ tó bi í ní ti fóònù. Tó bá ń tijú, ẹ kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp látinú kíṣìnì.