Ṣé lóòótọ́ lẹni tí kì í ṣe sọ́jà lè ní máṣíìngọ́ọ̀nù l'Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Houston ni mò ń gbé, mo ti gba green card. Òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń dánbọn wò ní Sátidé, ló bá gbé ìbọn kan jáde, ó fa tìríígà lẹ́ẹ̀kan péré, ọta ń dà jáde wàràwàrà bí òjò! Ó lóun ló ni ín, ìjọba sì mọ̀ sí i. Ṣé kò purọ́ fún mi ṣá? Bí ò bá purọ́, ṣé èmi náà lè ra ọ̀kan, kí n gbé e wálé nítorí àwọn ajínigbé yìí?
Ọmọ Ìkirè

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, kò purọ́ o. Ọdún 1934 ni wọ́n ti ṣòfin ẹ̀, nígbà táwọn jàǹdùkú ń fi máṣíìngọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Thompson da ìgboro rú, àmọ́ wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni má rà á, owó orí $200 ni wọ́n gbé lé e, ẹni tó bá ní in sì gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. $200 nígbà yẹn kì í ṣe owó kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìbọn náà fúnra ẹ̀. Títí dòní iye yẹn náà ni.

Ibi tọ́rọ̀ ti yí ni May 19, 1986, tí òfin míì jáde. Èyí tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kó tó dọjọ́ yẹn nìkan làwa èèyàn lásán lè máa rà lọ́wọ́ ara wa, tuntun ò tún wọlé mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọjà tí wọn ò ṣe mọ́ tí àwọn tó ń wá a ò sì dín, kí lowó ẹ̀ fẹ́ ṣe? M16 kan, irú ìbọn táwọn sọ́jà ń lò, ti kọjá $20,000. Ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ máa tẹ̀ka, ẹ máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ATF, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan ìbọn náà títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i. Green card ò dí yín lọ́wọ́, òfin Texas náà gbà á, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kó lọ sí California, wàhálà dé nìyẹn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni nǹkan bíńtín tí wọ́n ń pè ní switch, táwọn ọmọdé ń so mọ́ ìbọn ìléwọ́ Glock kí ọta lè máa dà jáde wàràwàrà. Lójú òfin, nǹkan bíńtín yẹn gan-an ni máṣíìngọ́ọ̀nù, kódà kó má sí ìbọn nítòsí! Ó lè gbé èèyàn ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Bí ẹ bá rí i nínú yàrá ọmọ, ẹ pe lọ́yà kíá.

Ti gbígbé e wálé, ẹ gbàgbé ẹ̀. Nínú òfin ìbọn Nàìjíríà, Ààrẹ nìkan ló lè fúnni ní láísẹ́ǹsì máṣíìngọ́ọ̀nù, àní ṣakabùlà bàbá ọlọ́dẹ pàápàá ń fẹ́ láísẹ́ǹsì. Ẹrù ìbọn tí ò ní ìwé láti Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ náà á mú yín kí tilé tó mú yín.

Tẹ́ ẹ bá sì padà rà á ní Houston níbẹ̀, orúkọ yín nìkan ló wà lórí ìwé, torí náà ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò.